Táyà Wo Ni Mo Fi Ṣọ́ọ̀kì Sí?

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe fún yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, torí iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo fi ṣe é.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi rìn káàkiri àárín ìlú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sára táyà lọ́wọ́. Èmi ni mo máa ń wò ó bóyá mọ́tò tẹ́ ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ti kọjá wákàtí kan tí wọ́n fún yín. Tó bá ti kọjá, èmi náà ni màá fi ìwé ìtanràn há abẹ́ wáípà yín. Ìyá Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè mí. Àwọn tí ò fẹ́ràn mi ń pè mí ní Kò-Mojú, torí mo já ìwé ìtanràn fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lọ́jọ́ tó wá kí wa, mo sì gbé oúnjẹ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn bíi pé kò sí nǹkan kan. Kí n má parọ́ fún yín, mo fẹ́ràn orúkọ yẹn.

Ọgbọ́n kan wà nínú iṣẹ́ wa tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò ò mọ̀. Wọ́n rò pé tí àwọn bá ti nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lára táyà, ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ a tún máa ń wo ìdodo táyà. Ibi kékeré tó yọ síta yẹn, tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, òun là ń pè ní ìdodo. A máa ń kà á bí ẹni ń ka aago. Tí ti iwájú bá wà níbi aago mẹ́ta, tí ti ẹ̀yìn wà níbi aago méje, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé iwájú mẹ́ta, ẹ̀yìn méje. Tá a bá padà dé lẹ́yìn wákàtí kan tí méjèèjì ṣì wà bẹ́ẹ̀, mọ́tò yẹn ò tíì kúrò. Kò sí ohun tí onímọ́tò fẹ́ sọ tí màá gbọ́ mọ́. Bí mo ṣe di ẹni tó gba táyà gbọ́ ju ẹnu èèyàn lọ nìyẹn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kánsù ń gbèrò láti fi kún owó páàkì láàárín ìlú, kí wọ́n sì sọ owó ìtanràn di ìlọ́po méjì. Inú àwọn oníṣọ́ọ̀bù ò dùn sí i rárá. Ni kánsù bá ní àwọn á kọ́kọ́ ka mọ́tò. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àwa mẹ́fà, ẹnì kan sí títì kan. Títì tí mọ́tò bá ti ń pẹ́ jù lọ, ibẹ̀ lowó rẹ̀ máa ga jù lọ.

Títì tí wọ́n fún mi ni títì tí ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi obìnrin wà. Ọmọ ìyá mi ni, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Awò ojú ló ń gé, ó sì tún ń tún èyí tó bá kán ṣe.

Mo lọ bá ọ̀gá wa obìnrin. Mo ní, "Mà, àbúrò mi wà ní títì yẹn. Ẹ fún mi ní òmíràn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ Kò-Mojú? Ìwọ gan-an ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ta ló máa sọ pé o ṣègbè?"

Orí mi wú. Mo gba bébà mi, mo lọ.

Ọjọ́ kejì tá a bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo rí mọ́tò ọkọ mi níwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi.

Mọ́tò wa ò ṣeé ṣì mọ̀. Àwọ̀ ojú ọ̀run ni, téèpù dúdú la fi di dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lóṣù bíi méjì sẹ́yìn, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ti ha, tí n ò sì mọ ibi tó ti ń fara gbún nǹkan. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì fún ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan lódìkejì ìlú. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó yẹ kó máa já búrẹ́dì fún àwọn oníbàárà ni.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ìdodo. Iwájú mẹ́ta, ẹ̀yìn méje. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé láago mọ́kànlá, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà péré ni mo máa gbé, màá ti ilẹ̀kùn, màá ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kúkú wà níbí." N ò gbé ẹsẹ̀ kankan. Mo kọjá lọ.

Lálẹ́, mo bi í léèrè. "Níbo lẹ wà láàárọ̀ yìí?"

"Níbi iṣẹ́ ni," ó ní. "Níbo ni ǹ bá tún wà?"

Mo wo ẹnu tó fi sọ ọ́. Kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò nínú abọ́ rẹ̀. Mo ní kò burú. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, mọ́tò náà tún wà níbẹ̀. Mo dúró títí ó fi lọ, mo wá wọ inú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó kàn yà. Àbúrò mi dìde, ó dì mọ́ mi.

"Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀. Iṣẹ́ ń lọ?"

"Ó ń lọ. Ìgbà wo lo rí Bàbá Ìbejì gbẹ̀yìn?"

"Ó ti pẹ́ o," ó ní. "Ẹ bá mi kí wọn tẹ́ ẹ bá délé."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń fa aṣọ tó fi ń nu awò lórí káńtà, ó fi ń bo nǹkan kan. Mo ti rí i kó tó bò ó. Fìlà ọkọ mi ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ ní kí ni mo sọ? Mo ní màá bá ẹ kí wọn. Mo rẹ́rìn-ín fún un, mo jáde.

Nílé, gbogbo nǹkan ló wá ní ìtumọ̀ lójú mi. Tí ọkọ mi bá gbé lẹ́tà fún mi pé, "Bá mi ka èyí, iná yìí ò dáa," màá ní ó ń fi ọgbọ́n wò mí ni, bóyá màá fura. Tó bá pẹ́ níta, mo fura. Tó bá tètè dé, mo tún fura pé ó fẹ́ fi bojú ni. Mo ń gbóòórùn kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Òórùn oògùn kan ń jáde níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ní òórùn ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi ni. Òótọ́ ni mo kúkú sọ, àfi pé n ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí. Àbúrò mi di ọkọ mi lọ́wọ́ mú, ó mú un sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ìdí mọ́tò, ọkọ mi tẹ orí ba, àbúrò mi wá fi áńkáṣíìfù nu ojú fún un. Ọkọ mi wọ mọ́tò. Ó jókòó níbẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú kó tó sáná sí i.

Mo ní, ẹ wò ó, kò tiẹ̀ fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ká ní mo pariwo lọ́jọ́ yẹn, ì bá sàn fún gbogbo wa. Àmọ́ mo gbé e sínú. Ohun tí mò ń rò kò ju ọ̀kan lọ: kí ṣọ́ọ̀bù yẹn kúrò ní títì yẹn. Bí owó páàkì ibẹ̀ bá ga ju ti gbogbo ìlú lọ, ta ló máa gbé mọ́tò wá síbẹ̀ láti wá gé awò? Oṣù mẹ́ta, á ti kó ẹrù rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn, n ò lọ sí títì kankan. Mo jókòó sínú ilé oúnjẹ tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa, mo tẹ́ bébà sórí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Mo mọ nọ́ńbà àwọn mọ́tò tó máa ń wá síbẹ̀ lórí. Mo kọ mọ́tò méje pé wọ́n wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn láti aago mẹ́sàn-án títí di aago méjì ọ̀sán, wọn ò kúrò lójú kan. Mo fún olúkúlùkù ní ìdodo tirẹ̀.

Nígbà tó kan mọ́tò ọkọ mi, bíró mi dúró. Mo lè fò ó. Mo ní rárá, wọ́n máa ń ka orúkọ àwọn tó ń pẹ́ jù sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka tiẹ̀ náà. Mo kọ ọ́. Iwájú mẹ́ta, ẹ̀yìn méje. Mo wá padà sí bébà ọjọ́ Ajé àti ti Ọjọ́rú, mo tún fi í síbẹ̀. Mo fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, mo sì jẹun ọ̀sán mi tán.

Ọjọ́ tí kánsù pe gbogbo ìlú jọ, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwa tá a ka mọ́tò jókòó lápá kan. Àbúrò mi wà níwájú láàárín àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi jókòó tì í. Wọn ò tiẹ̀ fi bò mọ́, mo sọ bẹ́ẹ̀ nínú mi.

Wọ́n pe àbúrò mi, ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ò ríran dáadáa, ìdí tí wọ́n fi ń wá nìyẹn. Dókítà ojú máa ń wá jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Tó bá kán oògùn sí wọn lójú, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró títí ojú wọn á fi mọ́lẹ̀. Wákàtí kan ò tó. Tẹ́ ẹ bá tún wá fi owó lé e, ilé ni wọ́n máa jókòó sí tí ojú yẹn á fi fọ́."

Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. Ohun tí mo gbọ́ ni Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀.

Káńsẹ́lọ̀ tó fẹ́ kí owó náà gòkè dìde. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yín dùn létí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí bébà sọ." Wọ́n gbé bébà mi sára ògiri, àwọn lẹ́tà rẹ̀ tóbi bí àtẹ́lẹwọ́. Nọ́ńbà mọ́tò wa ló wà lókè pátápátá. "Ọjọ́ mẹ́fà nínú ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣé ojú ló ń ṣe onítọ̀hún lójoojúmọ́ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú ọkọ mi kí n rí bí ìtìjú á ṣe bá a.

Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ó ń na ọrùn. Ó fún ojú pọ̀, ó tẹ orí sọ́tùn-ún, ó wá tẹ̀ sétí àbúrò mi. Mo rí ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń bi í: kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Àbúrò mi sì ń kà á fún un, nọ́ńbà kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni ń kà fún ọmọdé.

Nọ́ńbà mọ́tò tó ti ń wà fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò rí i.

Gbogbo rẹ̀ wá tò jọ lójú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbẹ́ òsì mọ́tò tó ha. Bá mi ka lẹ́tà yìí. Òórùn oògùn. Ọwọ́ tí wọ́n fi mú un sọ̀ kalẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú tó fi jókòó dúró kó tó lè ríran wa mọ́tò. Ọlọ́run mi, ojú ọkọ mi ló ń lọ.

Mo fẹ́ dìde. Ẹnì kan ti ṣáájú mi dìde.

Bàbá arúgbó kan ni, òun ló ń lẹ táyà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yẹn. Bàbá Táyà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó bọ́ fìlà, ó kí alága.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ti ọjọ́ Ẹtì, ti mọ́tò tó wà lókè yẹn."

Káńsẹ́lọ̀ kà á. "Aago mẹ́sàn-án sí aago méjì. Iwájú mẹ́ta, ẹ̀yìn méje. Kò kúrò lójú kan."

"Ẹ ṣeun," Bàbá Táyà ní. "Mo mọ mọ́tò yẹn dáadáa. Lọ́jọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Orí búlọ́ọ̀kù ni mo gbé e lé. Mo tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo lẹ méjì, mo sì pààrọ̀ méjì. Ohun tí mo fẹ́ bèèrè kò ju ẹyọ kan lọ. Táyà wo ni Ìyá Ṣọ́ọ̀kì fi ṣọ́ọ̀kì sí?"

Ẹ̀rín tó bẹ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ títí dòní.

Alága lu tábìlì. "Ta ló fọwọ́ sí bébà yìí?"

Mo dìde. Irọ́ kan ti wà lẹ́nu mi, ó ti ṣe tán. Mo lè ní mo ṣi nọ́ńbà kọ. Mélòó ni onímọ́tò tó ti sọ irú ẹ̀ fún mi? Àbúrò mi yíjú padà wò mí. Ọkọ mi náà yíjú, àmọ́ ibi tí mo wà kọ́ ló kọjú sí. Ó ń fi etí wá mi ni.

"Èmi ni," mo ní. "N ò dé títì lọ́jọ́ Ẹtì. Inú ilé oúnjẹ ni mo ti kọ ọ́. Mo sì fi kún ti ọjọ́ Ajé àti ti Ọjọ́rú."

"Kí ló dé?"

Mo rí i lójú àbúrò mi pé òun ti mọ̀. Ó rántí ìbéèrè mi, ó rántí fìlà yẹn. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Alága ní kí wọ́n gbé bébà mi kúrò lára ògiri. Káńsẹ́lọ̀ kan bèèrè bóyá ti àwọn márùn-ún tó kù náà ṣeé gbà gbọ́. Àwọn tí oòrùn pa fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n ka ohun tí wọ́n rí. Wọn ò wo ojú mi. Títí dòní, tí mo bá kí wọn, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò dáhùn.

Níta, mo fẹ́ di àbúrò mi lọ́wọ́ mú. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Ẹ má tẹ ẹnu ọ̀nà mi mọ́, Àǹtí mi," ó ní. Kò pariwo. Ká ní ó tiẹ̀ bú mi, ì bá sàn.

Nígbà tá a délé, ọkọ mi jókòó.

"Kí lo rò pé mò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ mọ ohun tí mo rò."

"Fi ẹnu rẹ sọ ọ́."

N ò lè fi ẹnu mi sọ ọ́.

"Àbúrò rẹ," ó ní. "Ọmọ tí o pọ̀n. Ó ti pé oṣù méjì tí wọ́n ti gba ọkọ̀ búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, ibi ìkẹ́rùsí ni wọ́n fi mí sí. Èmi ni mo bẹ ọmọ yẹn pé kó má sọ fún ọ. Ó sunkún kó tó gbà."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ, wàá gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn gan-an."

"Ó yẹ kí n gbà á."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ. Mo kàn fẹ́ wà á díẹ̀ sí i ni. Ẹ̀rù rẹ bà mí, Ìyá Ìbejì. O kì í mojú ẹnikẹ́ni."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó fọwọ́ wá etí tábìlì, ó gbé e síbẹ̀.

Mo ti pàdánù títì. Yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ni mo wà báyìí. Kánsù fi kún owó páàkì àti owó ìtanràn káàkiri àárín ìlú. Ní títì àbúrò mi, wọ́n rán ẹlòmíràn lọ tún un kà. Lẹ́yìn tí wọ́n kà á tán, wọ́n ya àyè méjì sọ́tọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún àwọn tó bá wá tọ́jú ojú. Wákàtí méjì, láìsanwó, àmọ́ ẹni tó wa mọ́tò gbọ́dọ̀ wọlé lọ gba páálí pélébé kan lọ́wọ́ àbúrò mi, tó máa kọ àkókò tí onímọ́tò dé sí i.

Èmi ni mò ń wa ọkọ mi lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. N kì í lo àyè yẹn. Ìsàlẹ̀ títì ni mo máa ń dúró sí, màá sanwó mi, òun á máa fọwọ́ tọ ògiri lọ. Tí mo bá bi í ní ìbéèrè, ó máa ń dá mi lóhùn dáadáa. Ẹnu ìbéèrè náà ló máa ń mọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìsàlẹ̀ títì kún. Mo yà sí àyè yẹn. Ọkọ mi wọlé, mo jókòó sínú mọ́tò.

Obìnrin tó gba iṣẹ́ mi dé, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Kò mọ̀ mí. Ó kan gíláàsì.

"Mà, ẹ ò ní páálí. Ẹ wọlé lọ gbà á."

"N kì í wọ ibẹ̀," mo ní.

Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo onímọ́tò. "Tí mo bá padà dé tí n ò bá bá páálí, màá já ìwé o." Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìdodo táyà mi, ó kọ ọ́, ó lọ.

Mo ti na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ kí n kúrò níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí. Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn méjèèjì. Ó gbé wáípà mi sókè, ó fi páálí há abẹ́ rẹ̀, ó sì padà wọlé. Kò wo ojú mi.

Nígbà tó ti ilẹ̀kùn tán, mo sọ̀ kalẹ̀ láti kà á. Mo wo aago ọwọ́ mi, mo ṣírò ìgbà tá a dé. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni. Ohun tó kọ síbẹ̀ náà nìyẹn, kò fi ìṣẹ́jú kan kún un, kò sì yọ ọ̀kan kúrò.